Òfin Tí A Fi Ṣíbí Gbà

Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí ya adé ńlá kan sí ojú pátákó. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kán òkúta wẹ́wẹ́ sí i lára kó lè jọ adé gidi, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Ló bá mú aṣọ ìnupátákó, ó nu adé náà kúrò ráúráú.

"Ohun tí àwọn olórí wa ń ṣe ní Èkó báyìí nìyẹn," ló wí. "Tó bá di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe olórí wa mọ́. Ààrẹ tiwa ni yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè nu adé kúrò kí ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ nǹkan mìíràn síbẹ̀. Nǹkan ọ̀hún là ń pè ní ìwé òfin."

Ọdún 1963 nìyẹn, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé-ìwé gírámà náà wà lẹ́yìn ìlú Okitipupa, lójú ọ̀nà Igbodigo. Orúkọ rẹ̀ kò kan ìtàn yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló kàn wá.

Olùkọ́ ìtàn ni Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí, ó sì fẹ́ràn kí ọ̀rọ̀ yé ọmọ. Ó ṣàlàyé bí orílẹ̀-èdè ṣe ń ṣe ìwé òfin: àwọn olórí ìjọba àti ti ẹgbẹ́ òṣèlú yóò kọ́kọ́ jókòó pọ̀, wọn yóò jiyàn títí ẹnu wọn yóò fi kò, àwọn lọ́yà yóò wá kọ ọ́ sílẹ̀, wọn yóò gbé e lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọn yóò kà á, wọn yóò tún un kà, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò lábala-lábala, wọn yóò sì dìbò kí ó tó di òfin.

Mildred na ọwọ́. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ni. "Sà, ṣé wọ́n wá bi àwọn bàbá wa léèrè?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kò rẹ́rìn-ín. "Rárá, Mildred. Àwọn tí a dìbò fún ló ń dáhùn fún wa. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni tó bá ń dáhùn fún èèyàn bẹ̀rù Ọlọ́run. Ṣé ẹ mọ̀ pé níbi ìpàdé wọn nínú oṣù Keje, àwọn kan dá a lábàá pé kí ìjọba lè máa ti èèyàn mọ́lé láì gbé e dé kóòtù? Ariwo ta kárí ilẹ̀ yìí ni wọ́n fi pa á tì. Ẹ máa fi ọgbọ́n wo òfin. Ẹni tó bá la ẹnu òfin sílẹ̀ láìwò, kò mọ ẹni tí yóò gbé mì."

Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé nínú ilé-ìwé náà kọ ìwé òfin tiwọn. Ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ní ilé ibùgbé wọn, ẹnu àwọn sẹ́níọ̀ ni òfin. Ohun tí sẹ́níọ̀ bá sọ láàárọ̀, ó lè sọ òdì-kejì rẹ̀ lálẹ́, méjèèjì ni àwọn ọmọ kéékèèké yóò jìyà lé lórí. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n sì fi Aníwúrà ṣe akọ̀wé, torí pé ìwé kíkọ rẹ̀ dùn ún wò.

Aníwúrà jẹ́ ọmọ Dúrósinmí ará Igbodigo. Bàbá rẹ̀ ń gun ọ̀pẹ, ìyá rẹ̀ ní ẹbu epo. Láti kékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ wọ inú kòtò ẹbu, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn títí epo yóò fi jáde, àwọ̀ epo sì ti wọ gìgísẹ̀ rẹ̀ débi pé ọṣẹ ti sú u. Ẹlẹ́sẹ̀ Epo ni wọ́n ń pè é nílé-ìwé. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé ọkàn, ó sì ti búra pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní sí ẹni tó máa lè pe orúkọ náà létí òun.

Àbúrò rẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní lọ́dún náà. Ọmọ kékeré, eegun lásán, tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu. Bí eruku tàbí èéfín bá ti kàn án, àyà rẹ̀ á máa hó, èémí á sì di ogun. Oníjọ Aládùúrà ni ìyá wọn. Nígbà tó mú wọn wá sílé-ìwé, ó gbé ìgò omi àdúrà fún Jẹ́jẹ́lọlá, ó fi oògùn oníhóró tí wọ́n gbà ní ọsibítù lé mátírọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ó sì fa ọmọ náà lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwọ ni Ọlọ́run fi ṣe ìyá rẹ̀ níbẹ̀ o," ni ìyá wí.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni ìgbìmọ̀ ti ń jókòó. Wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa, ká má parọ́ mọ́ wọn. Abala Kẹta ní kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọdé lọ pọn omi lásìkò ìwé kíkà. Abala Kẹrin ní a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ẹnikẹ́ni láì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀. Abala Karùn-ún ní bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn, kí wọ́n mú un lọ bá mátírọ́ọ̀nù lójú ẹsẹ̀. Bí Aníwúrà bá ti kọ abala kan tán ni yóò kà á fún Jẹ́jẹ́lọlá, Jẹ́jẹ́lọlá á sì há a sórí bí ó ṣe ń há Sáàmù sórí nílé àdúrà.

"Ṣé lóòótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n mi? Pé sẹ́níọ̀ ò ní lè nà mí láì gbọ́ tẹnu mi?"

"Lóòótọ́ ni. Ó ti di òfin nìyẹn."

"Áà! Òfin yìí mà dùn o."

Nígbà tí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó parí, Rose ránṣẹ́ pe Aníwúrà. Rose ni olórí àwọn ọmọbìnrin, ọmọ oníṣòwò kan ní Ìlútítun. Ó rẹwà, ó gbọ́n, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Òun nìkan ni kò pe Aníwúrà ní Ẹlẹ́sẹ̀ Epo rí. Ó ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹrin tó ń jókòó síbẹ̀.

"Mo ka ìwé òfin yín. Ó dára. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù níbẹ̀."

"Kí ni, Sẹ́níọ̀?"

"Ṣé o rántí èṣí, tí àwọn aṣòfin ń ju àga lu ara wọn n'Ìbàdàn? Kí ni ìjọba àpapọ̀ l'Èkó ṣe? Wọ́n kéde pàjáwìrì, ariwo sì rọlẹ̀. Bí ilé yìí bá dàrú lọ́jọ́ kan, ṣé kí n máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ gbogbo ọmọ Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní kí n tó tún un ṣe ni? Kọ abala kan sí i. Nígbà wàhálà, olórí àwọn ọmọbìnrin lè kéde pàjáwìrì. Ní kété tó bá ti kéde rẹ̀, gbogbo abala yòókù yóò sùn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé, títí olórí yóò fi jí òfin padà."

Aníwúrà wo ilẹ̀. "Sẹ́níọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí ní..."

"Nígbà tí mo bá ń lọ, ta ni Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí máa bi pé ta ló yẹ kó jẹ olórí lẹ́yìn mi? Èmi náà ni." Rose fọwọ́ kàn án léjìká. "Ìwọ ni mo fẹ́ dárúkọ. Ṣé ẹnikẹ́ni á tún dánwò láti pè ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀ Epo nígbà náà?"

Ẹ gbọ́, ẹni tó bá mọ ibi tó ń dun èèyàn ló mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn. Aníwúrà mọ̀ pé kò dára. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ọdún kan ni; òun ni yóò jẹ olórí lọ́dún tó ń bọ̀, òun kò sì ní lo abala náà nílòkulò. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, ó ti kọ ọ́. Abala Kẹsàn-án ni, òun ló kẹ́yìn.

Nígbà tí Mildred tó wà nínú ìgbìmọ̀ rí i, ó bú jáde. "Ta ló fi èyí sí i? A kọ abala mẹ́jọ, o wá kọ ẹ̀kẹsàn-án tó máa pa wọ́n jẹ!"

"Jẹ́ kí ilé dìbò lé e lórí," ni Aníwúrà wí. "Tí wọn ò bá fẹ́ ẹ, wọn á kọ̀ ọ́."

Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí ti pàṣẹ pé kí wọ́n ka ìwé òfin náà fún fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí àwọn ọmọdé béèrè ohun tí kò bá yé wọn, kí wọ́n tó dìbò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi olùkọ́ sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ayẹyẹ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ní Okitipupa, kò ráyè wá síbẹ̀. Rose ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Ó ní kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀kan náà fún gbogbo ilé nínú yàrá oúnjẹ, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilé-ìwé rí mọ ohun tí ọ̀sán ọjọ́ Àìkú jẹ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀, pupuru ni, àti ẹ̀bà, àti pupuru. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìrẹsì. Ìyá Àlàmú, alásè wọn, ti bù ú síwájú oníkálukú, ọbẹ̀ wà lórí rẹ̀, ẹran kékeré kan sì gun orí ọbẹ̀. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Àwọn ọmọ di ṣíbí mú, wọ́n ń gbé itọ́ mì. Aníwúrà dìde pẹ̀lú ìwé òfin lọ́wọ́.

Ó ka abala àkọ́kọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ka èkejì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó dé ẹ̀kẹfà, àtẹ́wọ́ ti ń lọ sílẹ̀. Nígbà tó dé ẹ̀kẹjọ, ẹnì kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Ìrẹsì ti ń tutù o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Aníwúrà mú ẹsẹ̀ yá. Ó ka Abala Kẹsàn-án wuuru bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀ láti oko.

"Ẹni tó bá fara mọ́ ọn," ni Rose wí, "kó na ṣíbí rẹ̀ sókè, ká lè jẹun."

Ṣíbí gbogbo gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àfi ti Mildred nìkan, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì. Jẹ́jẹ́lọlá kò tiẹ̀ fi ọwọ́ kan ṣe é. Ó gun orí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ṣíbí rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, torí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń kàwé.

Báyìí ni wọ́n ṣe gba òfin. Wọ́n sì jẹ ìrẹsì.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ayẹyẹ ni gbogbo ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹrin àti Karùn-ún máa lọ ṣe ìdánrawò yíyan bíi ológun ní Okitipupa. Wọ́n ti yan Aníwúrà pé òun ni yóò ka ìwé òfin àwọn ọmọbìnrin níwájú àwọn àlejò lọ́jọ́ ayẹyẹ gan-an, ìdùnnú rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rí oorun sùn. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dúró síwájú ilé. Rose ṣì ń fẹ́ wẹ̀. Ó rí Jẹ́jẹ́lọlá níbi tó jókòó sí pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kàwé.

"Ìwọ, gbé garawa, pọn omi wá fún mi. Tètè."

Jẹ́jẹ́lọlá kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì. "Ẹ má bínú, Sẹ́níọ̀. Àkókò ìwé kíkà ni. Abala Kẹta ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rán ọmọdé lọ pọn omi lásìkò ìwé kíkà."

Àwọn ọmọ kéékèèké tó kù gbọ́. Méjì tó ti gbé garawa fún àwọn sẹ́níọ̀ mìíràn sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ojú Rose yí padà. Kò sí olórí tó fẹ́ kí ọmọ ọdún méjìlá fi òfin dá òun lóhùn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí àwọn yòókù sì máa sọ garawa kalẹ̀. Ó mú agogo ilé, ó lù ú.

"Wàhálà ti dé inú ilé yìí. Mo kéde pàjáwìrì! Kí ẹnikẹ́ni má jáde títí n ó fi dé. Ìwọ, wọ yàrá igi ìdáná lọ, kí o jókòó síbẹ̀."

"Sẹ́níọ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Jẹ́jẹ́lọlá wí, "Abala Kẹrin ní kí n kọ́kọ́ sọ tẹnu mi."

Rose yíjú. "Aníwúrà! Ìwọ lo kọ ọ́. Abala Kẹrin, ṣé ó jí ni, àbí ó sùn?"

Gbogbo ojú yí sí Aníwúrà. Ó ti wọ aṣọ funfun tí wọ́n máa fi rìn, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sẹ́ni tó lè rí gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo Rose.

"Ó sùn," ló wí.

Ní ilé Dúrósinmí, bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ará ìta, àbúrò kì í jà á níyàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wọn. Jẹ́jẹ́lọlá kò sọ pé òun ní ikọ́ fée. Kò bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú yàrá náà. Ó ti rò ó pé bí ibẹ̀ bá léwu, ẹ̀gbọ́n òun ì bá ti sọ.

Mildred ló kígbe. "Aníwúrà, ọmọ yìí ní ikọ́ fée! Ṣé o ya wèrè ni?"

Aníwúrà sún mọ́ Rose, ó sọ sí i létí pé òótọ́ ni, ikọ́ fée ń ṣe é. Rose yí kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sápò. "Ìdánrawò yìí kò ní pẹ́. Kí a tó jẹun ọ̀sán a ó ti dé. Jẹ́ kó kọ́ ọgbọ́n díẹ̀." Ó fi Helen, ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹta, sẹ́nu ọ̀nà pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ibẹ̀. Dírẹ́bà fun fèrè ọkọ̀. Aníwúrà lè dúró. Ó lè sáré gba pápá kọjá lọ sílé mátírọ́ọ̀nù, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, ẹlòmíràn ni yóò ka ìwé òfin lọ́jọ́ ayẹyẹ. Ó gun ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín irú yàrá tí yàrá igi ìdáná yẹn jẹ́. Kò ní fèrèsé. Ògiri tó wà láàárín rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń yan pupuru kò dé òrùlé. Gbogbo ọmọ Ìkálẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń yan pupuru: wọ́n á mọ gbágùúdá tó ti kan ní róbótó, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ, wọ́n á dá iná sábẹ́ rẹ̀, èéfín á sì máa rú lé e lórí títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi dúdú. Ìyá Àlàmú wà létí odò tí Rose fi kéde pàjáwìrì rẹ̀. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ wà lẹ́yìn ògiri, ó sì ṣáná sábẹ́ pupuru tí wọ́n máa fi ṣe àlejò ọjọ́ ayẹyẹ. Pẹpẹ kún. Iná náà pọ̀ ju ti ìgbàkígbà lọ.

Lẹ́yìn náà ni òjò ṣú. Òjò oṣù Kẹsàn-án nílẹ̀ wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ń lu páànù débi pé bí ẹnìkejì rẹ bá ń pariwo, o ò ní gbọ́. Ìyá Àlàmú kò gbọ́ ikọ́. Helen gbọ́ díẹ̀, ó gbọ́ bí ẹnì kan ṣe ń lu ilẹ̀kùn. Ọmọ Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní kan sunkún, ó ní òun fẹ́ lọ pe mátírọ́ọ̀nù. Helen di ọ̀nà. "Òfin ní kí ẹnikẹ́ni má jáde," ló wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí Sẹ́níọ̀ Rose pa mí ni?"

Òjò kan náà ló mú ọkọ̀ akẹ́rù mọ́ inú ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń tì í. Aṣọ funfun di aláwọ̀ ilẹ̀. Ẹrẹ̀ wọ bàtà Aníwúrà, ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á gidigidi. "Ẹ jẹ́ ká máa fẹsẹ̀ rìn lọ," ló ń wí fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn." Mildred ń ti ọkọ̀ ní tirẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀ pàápàá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Helen dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ojú rẹ̀ wú.

"Ó ti dákẹ́," ló wí. "Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti dákẹ́. Mo rò pé ó ti sùn."

Kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Rose. Mildred ló mú un, òun ló ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kò fẹ́ ṣí tán, nítorí ọmọ náà ló dùbúlẹ̀ tì í. Ó ti fi ẹnu sí àlàfo kékeré tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ilẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé. Mátírọ́ọ̀nù sáré dé pẹ̀lú oògùn oníhóró lọ́wọ́. Ó tẹ́ etí sí ọmọ náà láyà, ó sì pẹ́ kó tó gbé orí sókè. Jẹ́jẹ́lọlá ti kú.

Lọ́jọ́ kejì, pirinsípà pe gbogbo ilé jọ sínú yàrá oúnjẹ kan náà. Bàbá Rose ti dé láti Ìlútítun, ọlọ́pàá kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Pirinsípà béèrè lọ́wọ́ Rose pé ta ló fún un láṣẹ.

Rose ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi ha. "Mi ò fẹ́ kó kú, sà. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin. Abala Kẹsàn-án ni. Gbogbo wọn ló na ṣíbí sókè."

Òótọ́ ni. Wọ́n na ṣíbí sókè. Ẹni tí ó kú pàápàá na tirẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí fi ọwọ́ bo ojú. "Èmi ni mo fi iná lé ọmọdé lọ́wọ́, tí mo sì lọ," ló wí.

"Ta ló kọ Abala Kẹsàn-án?" ni pirinsípà béèrè.

Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí Aníwúrà. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ rẹ̀ tó dùn ún wò ló wà níwájú pirinsípà.

Àwọn oníjọ Aládùúrà wọ aṣọ funfun, wọ́n kọrin sin Jẹ́jẹ́lọlá ní Igbodigo. Ọ̀rọ̀ Rose dé kóòtù, àwọn lọ́yà sì sọ tiwọn, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kóòtù kò jí òkú rí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, nígbà tí wọ́n ń fa àsíá sókè ní Okitipupa, tí rédíò aládùúgbò ń kéde pé a ti ní Ààrẹ tiwa, Aníwúrà wà nínú ẹbu pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n ń tẹ ẹyìn. Ìyá kò sinmi láti ìgbà ìsìnkú. Ó ní bí òun bá dúró, òun yóò ṣubú.

Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún ìyá ni pé sẹ́níọ̀ kan ló ti ọmọ mọ́lé. Aníwúrà tẹ ẹyìn títí, kò sì lè fara dà á mọ́.

"Ìye, èmi ni mo kọ òfin tí wọ́n fi tì í mọ́lé. Wọ́n sì bi mí níwájú rẹ̀, mo ní òfin tó lè gbà á sílẹ̀ ti sùn. Ìdí tó fi wọlé láìjanpata nìyẹn."

Ẹsẹ̀ ìyá dúró nínú epo. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, Aníwúrà ì bá sì fẹ́ kó pariwo.

"Ọma mi gbọ́ tìẹ ju tèmi lọ," ló wí. "Mo fi í lé ọ lọ́wọ́. Kí lo fi í gbà?"

Aníwúrà ronú kan orúkọ Ẹlẹ́sẹ̀ Epo, kò sì lè pè é jáde lẹ́nu. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dúró nínú ẹbu, kí epo mù ún dé kókósẹ̀, kó wá sọ fún ìyá tó fi epo yẹn rán an nílé-ìwé pé ohun tí òun gbà nìyẹn? Ó wólẹ̀ sínú kòtò, ó di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó sunkún. Ìyá kò tì í kúrò, kò sì gbé e dìde.

"Lọ sọ fún bàbá rẹ," ni ìyá wí níkẹyìn. "Èmi ò lè bá ọ sọ ọ́."

Ó lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa dé orúnkún, kò sì wẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé nínú oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n fi Mildred ṣe olórí àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n tún ìwé òfin kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí jókòó tì wọ́n. Orí pápá ni wọ́n ti kà á, lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹun yó. Àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kìn-ín-ní ni wọ́n kọ́kọ́ kà á fún, tí wọ́n sì bi léèrè abala kọ̀ọ̀kan pé, "Bí a bá lo èyí fún ọ, kí ni yóò ṣe ọ́?" Ó gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò sí Abala Kẹsàn-án nínú rẹ̀.

Aníwúrà kò bá wọn kọ ọ́. Kò tún di olórí nǹkan kan nílé-ìwé náà títí tó fi parí, kò sì sẹ́ni tó pè é ní Ẹlẹ́sẹ̀ Epo mọ́. Ohun tó fẹ́ ló rí gbà yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dìbò, ó tọrọ àyè, ó dìde, ó mú ṣíbí kékeré kan jáde. Inú àpótí Jẹ́jẹ́lọlá ni wọ́n ti rí i.

"Èyí wà lára àwọn ṣíbí tó gba òfin mi wọlé," ló wí. "Ẹni tó ni ín kò mọ ohun tó ń gbà. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ó jókòó. Wọ́n sì dìbò wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹnìkejì.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jẹ́ kí ebi, tàbí ìkánjú, tàbí ipò tí ẹnì kan ṣèlérí fún yín, mú yín fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò wò dáadáa. Ìbáà ṣe òfin ilé, ìbáà ṣe ti ìlú, ìbáà ṣe ti orílẹ̀-èdè, kò sí òfin tó mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹni tó bá ń kọ òfin, kó rí i dájú kó tó kọ ọ́ tán pé òun lè ti àbúrò òun mọ́ abẹ́ rẹ̀, kí òun sì sùn.